Màmá mi ní àwọn ò ní jẹun ẹ̀wọ̀n

Ẹni tó bá ti jókòó jẹun rí nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, láàárín ìgboro ìlú rẹ̀, kó wá sọ ojú tó fi rí i. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé màmá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà, l'Ọ́dàn. Aago méjì ti kọjá ká tó jáde, oòrùn ń ta bí ata. Mo wo òdìkejì, mo rí Freedom Park. Mo ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká wọ ibí yìí. Oúnjẹ wà, ibòji náà wà." Wọ́n tẹ̀ lé mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kó lọ sí Ìpájà, ojú ibẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n mọ̀. Igi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń sọ pé atẹ́gùn ibẹ̀ dáa.

Àfi ìgbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ògiri bíríkì. Wọ́n dúró gbagidi. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bíríkì yẹn, bí ẹni ń yẹ ara ọmọ tó ní ibà wò.

"Ṣé kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n nìyí?"

"Òun ni, Màmi. Wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́."

"Èmi? Kí n wá jẹun ẹ̀wọ̀n? Àdúrà tí ìyá mi ń gbà lé mi lórí ni pé n ò ní jẹ ẹ́ láyé mi. Ìwọ wá fi mọ́tò gbé mi wá síbẹ̀!"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibẹ̀, ẹ̀wọ̀n gidi ni lóòótọ́. Ọdún 1882 làwọn òyìnbó kọ́kọ́ kọ́ ọ, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Àwọn ará Èkó tí inú ń bí sí ìjọba wá ń ju iná wọ inú rẹ̀ láti ìta. Ní 1885, òyìnbó lọ kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba, wọ́n tún un kọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé £16,000 ni wọ́n ná sórí ẹ̀wọ̀n yẹn nígbà tí owó ẹ̀kọ́ jẹ́ £700 péré. (Ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, orí mi á gbóná.) Herbert Macaulay wà níbẹ̀ rí, Awólọ́wọ̀ náà wà níbẹ̀. Theo Lawson, ayàwòrán-ilé, ló ya bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní 2010, ọdún tí Nàìjíríà pé 50. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró lé báyìí. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó mú màmá mi débẹ̀. Èyí tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni mi ò mọ̀.

Bàbá wọn ní àbúrò kan tí ọlọ́pàá mú nítorí ògógóró. Láyé òyìnbó, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pọn ọtí yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Màmá mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Àwọn àti ìyá wọn ló máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un: ẹ̀kọ mẹ́rin nínú ewé, ẹ̀fọ́ nínú abọ́ tó ní ọmọrí. Wọ́n á dúró sẹ́nu géètì. Wọ́dà á ṣí abọ́, á ti ṣíbí bọ ọbẹ̀, á máa rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bóyá wọ́n tọ́jú ọ̀bẹ sínú rẹ̀.

"Ẹran tí ìyá mi fara balẹ̀ tò sórí ẹ̀fọ́, á ti dà á rú kó tó dé e padà. Ìyá mi ò ní sọ nǹkan kan. Ó di ìgbà tá a bá pẹ̀yìn dà."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Orí ìdúró ni wọ́n ti sọ ọ́, báàgì wọn lábẹ́ apá, wọn ò gbà láti jókòó.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ló yọ wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ká bá yín dì í?" Wọ́n ní kó dì í. Ìrẹsì ọ̀fadà ni, nínú ewé, ata rẹ̀ lọ́tọ̀. A dé inú ọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dì í pa. Màmá mi tú ewé sórí itan, wọ́n da ata lé e, wọ́n to pọ̀ǹmọ́ àti ẹyin sórí rẹ̀. Wọ́n wá mú ṣíbí, wọ́n rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ dàrú. Wọn ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu ewé.

"Irú tó wà nínú ata wọn dáa," ni wọ́n sọ.

Ọmọ Pópó Àgùdà fèsì pé:

Tiyín ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè bá a jà. Tiwa ti lọ. Ẹ rántí Ilojo Bar, nítòsí Tinúbú? Ilé oúnjẹ àti ọtí ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ sí láti 1855, kí ìdílé Ọláìyá tó rà á ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Lójoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, mi ò gbójú sókè wò ó dáadáa, bí a ṣe kì í wo ẹni tá a jọ ń gbélé. Nínú oṣù kẹsàn-án 2016, mo dé ibẹ̀, wọ́n ti wó o, òkìtì ni mo bá. Mo ṣa èérún kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Ó wà lórí fíríìjì mi di òní, àwọn ọmọ mi rò pé àwo ló fọ́.

Ká ní wọ́n tún un ṣe ni, mo mọ ohun tí mi ò bá máa jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ Gúùdù Fúráìdè: frejon. Ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá àgbà mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fún àgbọn yẹn. Wọ́n ní ọwọ́ wa ò ní agbára.

Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó, láti Ìbàdàn, fèsì pé:

Ẹ̀yin ò sọ iye tí ẹ san o. Ibì kan wà ní ìgboro wa tí n ò ní dárúkọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n kùn lọ́dà. Àmàlà méjì, ẹran méjì, ₦9,500. Mo bèèrè ìdí. Wọ́n ní mò ń sanwó àyíká. Àyíká kì í yó èèyàn. Ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn gan-an, ìyá kan ń ta ọ̀ọ̀lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo parí ebi sí.

Ará Bàhíà fèsì pé:

Mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá níbí, ní Salvador, ní Brazil. Ilé oúnjẹ kan wà tí mo máa ń lọ ní Pelourinho, nínú ilé alájà mẹ́ta tó ti wà láti ayé àwọn Potogí. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ni ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò yẹn. Ibẹ̀ náà la ti ń jẹun, kò sẹ́ni tó ń ronú kàn án. Ní 1985 ni UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ogún aráyé. Nígbà tí ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé yẹn ṣe lẹ́yìn 1990, ọ̀pọ̀ tálákà tó ń gbé inú wọn, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, ni wọ́n kó kúrò. Ìyáàfin tó ń dáná níbẹ̀, òpópónà kejì sí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ báyìí.

Lọ́jọ́ kan ó gbé acarajé síwájú mi. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa. Wọ́n là á láàárín, wọ́n fi edé sí i, pẹ̀lú caruru, tí í ṣe ọbẹ̀ ilá. Mo ní àkàrà là ń pè é nílé wa. Ó béèrè pé kí wá ni "jé" ń ṣe níbẹ̀. Mo ní jíjẹ ni. Ó fọwọ́ lu tábìlì, ó kígbe sí àwọn tó wà ní kíṣìnnì pé, "Ẹ gbọ́! Gbogbo ọdún yìí, a ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ ẹ́, a rò pé orúkọ rẹ̀ là ń pè!"

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tún padà wá, ó ní:

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi lálẹ́ àná. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, wọ́n ní òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo ka ti Bàhíà tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Obìnrin tó ń wọ bọ́ọ̀sì méjì yẹn, ṣé wọ́n ń jẹ́ kó di oúnjẹ lọ sílé?"