Súwẹ́tà onírun àgùntàn kì í tètè gbẹ lásìkò òtútù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ahunṣọ ìgbèríko Scotland, ẹ kú òtútù o. Ṣé a lè sá súwẹ́tà tútù sórí hítà?

Èsì 1: Ẹ jọ̀ọ́, rárá! Irun rẹ̀ á le gbagidi. Ẹ ká a sínú táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ pààrọ̀ táwẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n. Ẹ máa yí i padà láràárọ̀.

Èsì 2: Ẹ má fún un bí aṣọ àǹkárá o. Omi gbígbóná àti gbígbo ló ń mú irun so kọ́ra, tí súwẹ́tà àgbà fi ń di ti ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi 30°C fún ìṣẹ́jú 15, ó tó.

Èsì 3: Férémù onígi tí wọ́n ń na súwẹ́tà sí ní Shetland, àwọn erékùṣù àríwá Scotland, ló dára jù: tiwájú tẹ̀yìn ló ń gbafẹ́fẹ́.