Ẹ gbà mí o: fíìmù ajá wo ni kí ọmọ mi máa wò báyìí tí Bingo wa ti kú?

Màmá Ìní
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé mo tún gbé tèmi dé. Ajá wa Bingo kú lóṣù tó kọjá, ogbó ló pa á, kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe àìsàn, ó ti wà nílé kí n tó lóyún àbíkẹ́yìn mi tó ti di ọmọ ọdún 8 báyìí. Bọ́mọ yẹn bá ti iléèwé dé, Bingo ló máa kọ́kọ́ pàdé ẹ̀ ní géètì, á máa fi imú ti báàgì ẹ̀ títí ìyẹn á fi yọ bisikíìtì tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ fún un. A sin ín sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ ò sunkún rárá, mo ní ọpẹ́ ni, àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Látìgbà yẹn kò fẹ́ wo nǹkan míì lórí tíífì àfi èyí tí ajá bá wà níbẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ajá kan kàn sáré kọjá nínú fíìmù Yorùbá lásán, á ní ká dá a padà sẹ́yìn kóun tún un wò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ rèé. Àwọn ọmọ àbúrò mi tó wà ní London ti sọ̀rọ̀ fíìmù ajá kan tó ń jẹ́ Hachi fún un, ó ti rí fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù mi, ó ní ìrù ẹ̀ ká sẹ́yìn bíi ti Bingo gẹ́lẹ́, àfi kóun wò ó. Mo sì ti gbọ́ pé fíìmù yẹn ń pa àgbàlagbà lẹ́kún. Bàbá ẹ̀ ní kó wò ó kó sunkún kó tán, pé ẹkún tó há sí i nínú ni kò jẹ́ kó jẹun dáadáa. Èmi ní rárá. Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní àwa méjèèjì ò níṣẹ́ ṣe, pé ajá ni, ká ra òmíì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló lè wò, èwo ni kó má wò, àti pé ọ̀rọ̀ Hachi yìí, ta ló jàre nínú èmi àti bàbá ẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ọ̀fọ̀ Bingo. Ẹ̀yin lẹ jàre jàre, kó má wo Hachi báyìí. Èmi àti ọkọ mi jọ wò ó ni, àgbà méjì, nígbà tó parí kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnì kejì ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni ajá yẹn, Richard Gere ló ṣe é, tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ajá á sìn ín dé ìdíkọ̀ rélùwéè, tó bá dìrọ̀lẹ́ á tún lọ pàdé ẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kan ọ̀jọ̀gbọ́n kú síbi iṣẹ́. Ajá ò mọ̀. Ẹ gbọ́ mi o, ajá ò mọ̀, ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún bíi 9, òjò o, yìnyín o. Ọmọ tó jẹ́ pé ní géètì ni ajá tiẹ̀ ti máa ń pàdé ẹ̀ lẹ máa fi ìyẹn hàn? Ẹ fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́.

Ẹ fún un ní Beethoven, ti 1992, ajá ràgàjì kan tó ń da ilé rú tó ń gbọn itọ́ sára bàbá onílé, ẹ̀rín ni, dókítà ẹran burúkú kan wà níbẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n kò rí ajá yẹn pa. Air Bud ti 1997 náà dáa, ajá tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn mọ̀ pé bàbá ọmọ inú ẹ̀ ti kú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Sinimá
Àfikún sí ti Ìyá Ìbejì. Ìtàn Hachi ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o, Amẹ́ríkà kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú Tokyo ní Japan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno ló ni ajá náà, 1925 ló kú, ajá sì ń lọ sí ìdíkọ̀ Shibuya títí òun náà fi kú lóṣù kẹta 1935. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣí ère ẹ̀ ní 1934, ajá fúnra ẹ̀ wà níbi ayẹyẹ náà. Nígbà ogun wọ́n yọ́ ère yẹn torí irin, wọ́n wá mọ òmíì ní 1948, ibẹ̀ làwọn ará Tokyo ṣì ń dá ara wọn lọ́jọ́ sí títí dòní, "pàdé mi lọ́dọ̀ Hachikō". Àwọn ará Japan ti fi ṣe fíìmù tiwọn ní 1987, ti 2009 lọmọ yín rí fọ́tò ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, Hachi kọ́ ni iṣòro, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹkún ni. Àwọn tí pósítà wọn ń rẹ́rìn-ín lẹ máa ṣọ́ra fún. Marley & Me ti 2008, ẹ máa rí ọmọ ajá tó rẹwà, ẹ máa ní kọ́mẹ́dì ni, ó sì pa yín lẹ́rìn-ín lóòótọ́ o, ó ń jẹ ìrọ̀rí, ó ń fa olówó ẹ̀ ṣubú, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti di arúgbó, wọ́n gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ilé, àwọn ọmọ ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i. Bingo yín náà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Turner & Hooch ti 1989, Tom Hanks tó ṣe ọlọ́pàá, ẹ̀rín, ẹ̀rín, wọ́n yìnbọn fún ajá ní ìparí. Old Yeller ti 1957, ọmọ tó ni ajá náà fúnra ẹ̀ ló yìnbọn fún un, Disney ló ṣe é o, àwọn tá a gbọ́kàn lé. I Am Legend àti John Wick kì í ṣe tọmọdé tẹ́lẹ̀ náà, mi ò sọ tìyẹn.

Sáìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Does the Dog Die, ẹ tẹ orúkọ fíìmù síbẹ̀, wọ́n á sọ fún yín bóyá ajá kú àbí kò kú. Kò sí ohun tó ń tini lójú níbẹ̀, èmi náà ń lò ó.

Ọmọ Ògún
Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin odidi ajá sábẹ́ máńgòrò? Ògún ń wò yín o 😂😂

Admin
Ọmọ Ògún, ọmọ ń ṣọ̀fọ̀ ẹ ń ṣàwàdà. Ẹ kó ara yín níjàánu.

Bàbá Dókún
Èmi ò bá ìyá ọmọ lọ níbí, bàbá ẹ̀ ló jàre. Kí la ò gbọ́ nígbà tá a wà lọ́mọdé? Àlọ́ tí ìyàn mú nílùú ẹranko, tí wọ́n ní kí kálukú pa ìyá ẹ̀ jẹ, tí ajá gbé tiẹ̀ lọ pamọ́ sọ́run, ṣebí a ń kọrin ẹ̀ la ń pàtẹ́wọ́, ta ló kú nínú wa? Ọmọ tí ò rí ikú nínú ìtàn, ìta ló ti máa rí i, ìta ò sì ní rọra sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó wo Hachi, ẹ jókòó tì í, ẹ gbé híńkáfì sọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì
Bàbá Dókún, ẹ rántí àlọ́ yẹn dáadáa, ajá ò kú níbẹ̀! Ìyá ajá ń bẹ lókè ó ń jẹun, Ìjàpá aláṣejù ló já bọ́ látorí okùn. Ìyẹn gan-an ni mo ní kí wọ́n fún ọmọ, èyí tí ajá ti borí.

Bàbá Dókún
Haha, ẹ mú mi. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn ẹranko yòókù ńkọ́? Wọ́n ti jẹ wọ́n tán kí àlọ́ tó dé ìdajì. Ohun tí mò ń sọ ni pé èèyàn ló ń pa á fún wa, tẹ́rù bá bà wá a ó sún mọ́ ìyá àgbà, a ó bi í léèrè. Ọmọ ayé ìsìnyí, fóònù ni wọ́n á gbé fún un, á lọ dá jókòó sí kọ̀rọ̀.

Àǹtí Mánchester
Ẹ káàsán o. Ọmọ tèmi náà la irú ẹ̀ kọjá, ológbò ni tiwa. Nǹkan tó ràn wá lọ́wọ́ ni Bluey, kátúùnù àwọn ará Ọsirélíà, 2018 ló bẹ̀rẹ̀, ajá ni gbogbo èèyàn inú ẹ̀, bàbá, ìyá, àtàwọn ọmọ wọn obìnrin méjì, ọ̀pọ̀ apá ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú bíi 7 lọ. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan ṣá: BINGO lorúkọ ọmọ kejì, ajá kékeré pupa báyìí. Ó lè dùn mọ́ ọmọ yín, ó sì lè gbọgbẹ́ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Apá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Copycat, òun ni kẹ́ ẹ fún un tó bá yá. Bluey àti bàbá ẹ̀ rí ẹyẹ kan nílẹ̀ tó ti fara pa, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹyẹ yẹn kú. Bàbá ẹ̀ sọ fún un ní tààràtà pé ó kú, kò pa irọ́ pé ó lọ sírìnàjò. Nígbà tí Bluey délé ó ní kí ìyá ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ wá bóun fi ṣeré, wọ́n sì tún gbogbo ẹ̀ ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló parí, kò sí ìwàásù. Ẹyẹ ló kú, ajá kọ́, ìdí tó fi rọrùn nìyẹn. Ọmọ mi wò ó tán, ó bá fi táwẹ́lì di béárì ẹ̀ ó ní òun ń gbé e lọ ọsibítù, mo jókòó sílẹ̀ mo ń ṣe dókítà.

Dókítà Ajá
Mo ti ka ti dókítà ẹran burúkú inú Beethoven, a gbà á bẹ́ẹ̀ 😄. Nǹkan mẹ́ta kan tó kan iṣẹ́ mi. Ohun tó ṣe ajá inú Old Yeller yẹn, dìgbòlugi ni, ìkookò ló bù ú jẹ. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o, ó ṣì ń pa èèyàn nílẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ ọdọọdún ni kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ajá yín, tẹ́ ẹ bá máa ra òmíì ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí fíìmù bá yín yan ajá. Lẹ́yìn tí 101 Dalmatians jáde ní 1996 àwọn èèyàn Amẹ́ríkà sáré ra dalmatian, ajá funfun alámì dúdú yẹn, fọ́mọ, ajá yẹn fẹ́ràn eré sísá kò gbé jẹ́ẹ́, púpọ̀ nínú wọn ló bára wọn nílé àwọn ajá tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Èyí tó wà nínú Beethoven, òkè olótùútù nílẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń sin ín, ẹ wá gbé e sínú oòrùn Ìbàdàn láìsí iná, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ajá ilẹ̀ wa onírù kíká yẹn tó fún un.

Tọ́mọ bá sì bi yín bóyá ajá inú fíìmù kú lóòótọ́, ẹ sọ fún un pé rárá, wọ́n kọ́ wọn ni. Ajá 22 ni wọ́n fi ṣe Marley nìkan, láti ọmọ ajá dé arúgbó. Lassie tí wọ́n ń pè ní abo nínú fíìmù 1943, akọ ni, Pal lorúkọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ló gba iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ irú àṣírí bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Sinimá
Dókítà dúpẹ́. Màmá Ìní, mo tún rántí ọ̀kan fún ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀, bóyá á parí ìjà. Togo, ti 2019. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Togo ẹ̀gbẹ́ wa níbí o, orúkọ ọ̀gágun ojú omi Japan kan ni wọ́n fi sọ ajá náà. 1925, àrùn diphtheria tó ń dí ọmọdé lọ́fun bẹ́ sílẹ̀ ní Nome, ní Alaska, ọkọ̀ ò lè dé, ajá bíi 150 ló pín ọ̀nà láàárín ara wọn fi gbé oògùn dé ìlú, Togo sì ni ọ̀nà tiẹ̀ gùn jù. Balto ló wá gba gbogbo òkìkí torí òun ló sá ìkẹyìn, wọ́n ti mọ ère ẹ̀ sí New York lọ́dún yẹn náà, wọ́n tún fi ṣe kátúùnù ní 1995. Nínú fíìmù Togo, ajá yẹn kú ní ìparí, ṣùgbọ́n ogbó ló pa á, nínú ilé ẹ̀, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán. Tó bá jẹ́ dandan kọ́mọ wo èyí tí ajá ti kú, èyí ló jọ ti Bingo jù, mo rò pé ó yá ju ajá tó ń dúró de ẹni tí ò ní dé mọ́ lọ.

Màmá Ìní
Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀ pátá, ó ní Bàbá Dókún ni ọ̀rẹ́ òun, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ti géètì yẹn fún un ó dákẹ́, ó ní Hachi lè dúró dìgbà tó bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ti sọ fún ọmọ pé ajá kan wà nínú kátúùnù tó ń jẹ́ Bingo, ó bi mí léèrè pé ṣé wọ́n tọrọ àyè. Mo ní lọ́wọ́ ta ni, ó ní lọ́wọ́ Bingo. Bluey la máa fi bẹ̀rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ká tó dé orí Copycat yẹn, lẹ́yìn náà Beethoven, Togo á kẹ́yìn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ máa wò ó ní páálọ̀. Ṣé ẹ ní òmíì tó gùn díẹ̀ tí mo lè fi sáàárín?

Ìyá Ìbejì
Homeward Bound, 1993! Báwo ni mo ṣe gbàgbé. Ajá méjì àti ológbò kan tí wọ́n ń wá ọ̀nà ilé gba inú igbó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ síra wọn.

Bọ̀dá Sinimá
Ó dáa gan-an ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ní ìparí Shadow, tó dàgbà jù nínú wọn, máa jìn sínú kòtò ẹrẹ̀, kò ní lè gòkè, á ní kí èkejì máa lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń pa tíífì. Ẹ má pa á. Àwọn yòókù á kọ́kọ́ délé, àwọn ọmọ á dì mọ́ wọn, ọmọ tó ni Shadow á ti gba kámú pé arúgbó ni kò lè rìn ín, lẹ́yìn náà ló máa yọ lórí òkè, ó ń tiro bọ̀.

Màmá Ìní
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, màá gba rìmóòtù lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi.