Àbọ̀ ìbéèrè mi: ilé-ìwé ìṣègùn wo ni kí àbúrò mi mú?

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀nà ti là. Ohun tí mo bèèrè ni bóyá kó fi ilé-ìwé aládàáni ṣe àkọ́kọ́, kí UNILAG ṣe ìkejì nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ẹni tó ní ká yí i padà ló jàre: ẹni tó bá fi UNILAG ṣe àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé síbẹ̀. A yí i ní CBT (ibùdó ìdánwò kọ̀ǹpútà JAMB) kan ní Yábà, ₦2,500.

Ìṣirò máàkì ìgbàwọlé UNILAG tí ẹ kọ́ wa náà pé. Ẹ pín máàkì JAMB sí 8. 304 tí àbúrò mi gbà di 38. Wáẹ̀ẹ̀kì kó 20: A1 jẹ́ 4, B3 jẹ́ 3.2, nítorí náà A1 mẹ́ta àti B3 méjì jẹ́ 18.4. Àpapọ̀ 56.4 nìyẹn, ó ku post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó kó 30. Ìjókòó ìdánwò kan ṣoṣo ni kí kírẹ́díìtì márààrún ti wá o.

Àkójọ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ilé-ìwé ìṣègùn, ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: ilé-ìwé aládàáni yẹn wà níbẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kọjá agbára wa.

Ó ku èsì wáẹ̀ẹ̀kì lórí CAPS, ojú-òpó ìgbàwọlé JAMB. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́: B3 Físíìsì ló tẹ̀ sí Kẹ́mísírì, ojú wa ló sì ti tún un ṣe. A ṣì ń dúró kó hàn.