Ṣé kí n gbà kí ọmọ iṣẹ́ mi máa fi app sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Sábó Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ní Sábó. NIN, ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ làwọn oníbàárà ń gbé wá. Ọmọ tó ń bá mi ya káàdì ìgbéyàwó àti bánà ní òun fẹ́ máa fi app tí iṣẹ́ bá béèrè sórí ẹ̀rọ láìdúró dè mí. Ó mọṣẹ́, mi ò fẹ́ kó bínú lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Agric:
Mọ́mì, ẹ má gbà o. Kì í ṣe pé ọmọ yín burú. Àwọn app olówó tí wọ́n "crack", ìyẹn tí wọ́n já títì rẹ̀ kí wọ́n lè lò ó láìsanwó, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì wá jù. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ pa antivirus. Ta ló ń ní kẹ́ ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé, bí kì í bá ṣe olè? Ẹ ṣe account méjì lórí Windows: Administrator, ìyẹn account ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, tí password rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ yín nìkan, àti Standard tí àwọn ọmọ á máa lò. Kò dí gbogbo ihò o, torí àwọn app kan ṣì lè wọ abẹ́ account ọmọ náà, ṣùgbọ́n apá wọn ò ní tètè ká gbogbo ẹ̀rọ.

Ayàwòrán, Ìgbógbó:
Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Bí ọ̀gá bá há sínú gosúlóò lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí oníbàárà sì dúró ńkọ́? Ọmọ náà á kó iṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, NIN àwọn èèyàn á sì bá a lọ sílé. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mọ́mì, ẹ pè é jókòó, kó ka gbogbo ohun tó nílò fún yín, kẹ́ ẹ fi wọ́n sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fẹ́ ni Inkscape àti GIMP tí a fi ń ya àwòrán, tí a sì fi ń tún fọ́tò ṣe, kẹ́ ẹ ṣáà ti gbà á níbi tí àwọn tó ṣe é gbé e sí. Ní ti font, ìyẹn irú lẹ́tà, Windows tuntun kì í béèrè password ọ̀gá kó tó gbà á sílé.

Lọ́yà, Èbúté:
Ẹ rántí òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn, ti 2023. Bí ìwé oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin náà, létí. Ẹ̀yin olóko-òwò ni wọ́n máa bi, kì í ṣe ọmọ yín.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Màá pè é jókòó, password á sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ kan ṣì ń lo Windows 7, ṣé account méjì yẹn á ṣeé ṣe níbẹ̀?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Agric:
Á ṣeé ṣe, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ má sì fi NIN ẹnikẹ́ni síbẹ̀.