Fáànù balùwẹ̀ tó ń fa ooru síta: ṣé kó gba òrùlé ni àbí ara ògiri?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí n tó dá ihò tí mi ò ní lè dí sára ilé.

Balùwẹ̀ wa ò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6 lọ. Tẹ́nì kan bá ti fi omi gbígbóná wẹ̀ tán, dígí á funfun báláú, ògiri á máa làágùn. Àmì dúdú ti yọ ní igun àjà. Mo fọ̀ ọ́ títí, ó tún padà.

Mo ti ra fáànù, íńṣì 4 ni ẹnu páìpù rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá mi so ó ní kó kàn máa tú ooru sínú òkè àjà. Mi ò gbà. Ṣebí ooru yẹn á di omi lára pákó òrùlé, pákó á sì jẹrà? (Òun kọ́ ló máa ra pákó míì.)

Tó bá gba òrùlé, páìpù á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tó rọ̀, tó ń ká bí ìfun, ni wọ́n kó wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibi tó bá ti tẹ̀ sílẹ̀ lomi á ti dúró, á wá máa kán padà sórí wa. Ògiri ìta ò jìnnà, ẹsẹ̀ bàtà 3 péré. Èwo lẹ̀yin á ṣe?

Ilẹ̀kùn náà tún wọ ilẹ̀ débi pé bébà ò lè gba abẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n gé e díẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé?