Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa ìdílé wa, àyẹ̀wò DNA wo ni kí n ṣe?

Ìyá Dára: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará gúrúùpù, ẹ má bínú ó máa gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ti sú mi pátápátá. Òun ló pa bàbá mi, òun ló pa àbúrò bàbá mi, òun náà ni wọ́n ní ó pa àbúrò mi ọkùnrin lọ́dún méjì sẹ́yìn. Èmi nìkan ni mò ń sáré kiri, tí mo bá ní ká jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀gbọ́n mi á ní mò ń fẹnu pe ikú, ó tiẹ̀ ti yọ mí kúrò nínú WhatsApp ìdílé, màmá mi náà sì ń gbè é lẹ́yìn, bíi pé èmi ni mo gbé àìsàn náà wá. Mo ti pinnu pé màá ṣe DNA kí n mọ̀ bóyá jíìnì ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara tó ń fà á, wà lára mi àti lára ọmọ mi. Èwo ló dáa jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mò ń gbà á.

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èló ni BP tiyín, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín? Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn tó kú? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, kò sí nọ́ńbà kan níbẹ̀.

Àǹtí Ṣadé: Ó ṣe mí láàánú. Màmá mi ní in, ìyá màmá mi ní in, nígbà tí mo pé ogójì ọdún ni tèmi yọjú, 168 lórí 104, bẹ́ẹ̀ orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi. Oògùn ni mò ń lò títí dòní. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Ìyá Dára, ẹ má tíì náwó. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn kò sí jíìnì kan tá a lè pè ní jíìnì ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n yẹ̀ wò, ibi tó lé ní 900 ni wọ́n rí nínú DNA tó ń fọwọ́ kan BP, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi kún un ò ju bíńtín lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP á sọ ohun tó wúlò fún yín ju DNA yẹn lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Làmídì: Àwa aláwọ̀ dúdú, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i.

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tẹ́rù ń bà. Lọ́dún 1997 wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí ìran wọn wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100 àgbàlagbà, bíi 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà àti Cameroon, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà o! Bí wọ́n ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ń pọ̀ sí i, ni BP ń gòkè.

Ọ̀gbẹ́ni Làmídì: Kí ló wá dé tó fi ń pa èèyàn mẹ́ta nínú ilé kan? Ṣé gbogbo wọn ló sanra ni?

Bọ̀dá Kúnlé: Mi ò sọ pé kì í ṣe àjogúnbá rárá. Mo ní kì í ṣe àjogúnbá nìkan.

Ìyá Dára: Ẹ má bá ara yín jà lórí ọ̀rọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó sanra nílé wa. BP mi 118 lórí 76 lóṣù tó kọjá, ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀ torí àbúrò mi ò ṣàìsàn rí, wọn ò tiẹ̀ wọn BP rẹ̀ rí, agbábọ́ọ̀lù ni, ẹni ọdún 24, orí pápá ló ti ṣubú, kò sì dìde mọ́. Bàbá mi ẹni ọdún 46, ibi tó ti ń sáré gun àtẹ̀gùn ni. Àwọn tó wá kí wa ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Ẹ dúró ná. Kò sí dókítà tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni? Mà, ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀. Ẹni ọdún 24 tó ṣubú kú lórí eré sísá, bàbá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ọkàn fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ wò. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní hypertrophic cardiomyopathy, iṣan ọkàn á nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 500 ló ní in. Ìyẹn, jíìnì kan ṣoṣo lè gbé e, tí òbí bá sì ní jíìnì náà, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. BP lè dáa kó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àìsàn mìíràn tún wà tó ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n yín, àwọn ọmọ yín, ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù) àti ẹ́kò ọkàn (àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán ọkàn) lẹ máa ṣe, dókítà ọkàn ló máa sọ irú àyẹ̀wò DNA tó kàn. Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti dákú rí?

Ìyá Dára: Ẹ̀ẹ̀kan. Níbi eré ìdárayá nílé-ìwé, ẹni ọdún 13 ni. Wọ́n ní ebi ló ń pa á, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ ọ́ torí mi ò rò pé ó kan ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Kò gbọ́dọ̀ sáré mọ́, kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, títí dókítà ọkàn á fi rí i. Ọ̀sẹ̀ yìí ni o, mà. Ẹ sọ bí bàbá yín àti àbúrò yín ṣe kú fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa yìí.

Àǹtí Ṣadé: Mo ti ń sọ̀rọ̀ iyọ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Ìyá Dára: Mo ti pe ilé-ìwé, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó jáde síta fún eré kankan. Ọ̀la aago mẹ́jọ la máa rí dókítà. Mo fi ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kà á, kò tíì fèsì. Ọmọkùnrin méjì ló bí, bọ́ọ̀lù làwọn méjèèjì ń gbá.