Báwo ni abúlé kékeré kan ní Faransé ṣe ń tọ́jú ilé ọlọ́lá wọn, tí tiwa ń wó lójú wa?

Àdìó_Òmù:
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àsìkò yìí o. Mo ń ka nǹkan nípa Chavaniac-Lafayette, abúlé kan ní Auvergne ní Faransé, gbogbo èrò ibẹ̀ ò ju bíi 300 lọ, síbẹ̀ ilé tí wọ́n bí Marquis de La Fayette, ìjòyè Faransé kan tó jẹ́ ọ̀gágun, sí ní 1757 ṣì dúró digbí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn Faransé ti fagi lé oyè àjogúnbá ní 1790 mà! Lágboolé tiwa l'Ómù-Àrán, ilé tí bàbá ńlá wa tó jẹ́ ìjòyè kọ́, páànù ti ń ṣí, ògiri ẹ̀yìn ti lọ, gbogbo wa fọ́n ká s'Ílọrin àti Èkó, tá a bá sì ṣe mítìn, ta ló ni yàrá wo la máa ń jà lé lórí. Ṣé owó ló gbé tiwọn dúró ni àbí kí ni? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Tíṣà_Ọ̀ffà:
Bọ̀dá Àdìó, ẹ kú ìrònú. Kì í ṣe owó ìdílé yẹn o. Ilé yẹn ti jóná rí, 1701 ni wọ́n tún un kọ́. Ogun pa bàbá La Fayette ní Minden ní Jámánì ní 1759, ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ lábúlé, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń ṣí fìlà fún un bó ṣe kéré tó yẹn. Òun ló lọ ran àwọn Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú ogun òmìnira wọn ní 1777, òun náà ló tún wà lára àwọn tó ní kí wọ́n pa oyè àjogúnbá rẹ́. Ní 1792, nígbà rògbòdìyàn tó gbàjọba lọ́wọ́ ọba Faransé, wọ́n wá mú ìyàwó rẹ̀, Adrienne, nínú ilé yẹn gan-an.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ní 1916, ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Beatrice Chanler àti John Moffat wà lára wọn, ra ilé yẹn, wọ́n kó àwọn ọmọ tí ogun sọ di òrukàn síbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ara wọn ò le níbẹ̀, nígbà ogun kejì wọ́n tún fi àwọn ọmọ Júù pamọ́ síbẹ̀. 2009 ló bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Haute-Loire, ẹkùn tí abúlé náà wà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ wà tí ilé yẹn ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ọmọ_Èsìé:
Tíṣà, mo gbọ́ yín, àmọ́ gbogbo ayé ló mọ La Fayette, ta ló mọ ìjòyè tiwa ní Amẹ́ríkà tó máa wá rà á? Ohun tó wọ̀ mí lára ni ti 1783, ìyàn mú ládùúgbò yẹn, alábòójútó oko La Fayette ní àsìkò tó láti ta àlìkámà, La Fayette ní rárá o, àsìkò àtifún èèyàn ni. Àwọn ará abúlé ò gbàgbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ní 1884 orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kún orúkọ ìlú wọn. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà yín ohun tí bàbá ńlá yín ṣe fáwọn ará Òmù, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Èsìé wa yìí náà, abúlé ni wá, ilé ère òkúta wa tí wọ́n ṣí ní 1945 ló ṣáájú gbogbo mùsíọ̀mù ní Nàìjíríà.

Tíṣà_Ọ̀ffà:
Òótọ́ ni. Ẹ má sì rò pé àwọn òyìnbó kì í jà o, òfin wọn ti 1804 ní kí gbogbo ọmọ pín ogún lọ́gbọọgba, àìmọye irú ilé bẹ́ẹ̀ ló sì ti bàjẹ́ síbi tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò ti gbọ́ra wọn yé. Ẹ jẹ́ kí ẹbí fọwọ́ síwèé pé ẹnikẹ́ni ò ní ta á, kẹ́ ẹ wá fi pálọ̀ ṣe lẹ́sìnnì fáwọn ọmọ àdúgbò.

Àdìó_Òmù:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Lẹ́sìnnì yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, àǹtí mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ṣì wà nílé. Ṣé ògiri ni ká kọ́kọ́ mú ni àbí òrùlé?

Ọmọ_Èsìé:
Òrùlé! Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ ni, òjò kan péré ló máa wó èyí tó kù. Ẹ kàn án kí òjò tó dé, kẹ́ ẹ sì wá bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ amọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.